Àlàmínì Kì í Mu Ẹ̀kọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Àlàmínì jẹ́, ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ẹ má wo ọjà rẹ̀, ẹ má wo agbádá rẹ̀, ẹ kàn gbé àwo kalẹ̀ kí ẹ sì máa wò ó. Yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni tí abẹ́rẹ́ já bọ́ sínú rẹ̀. Yóò fi ìka kan ti ẹran sí ẹ̀gbẹ́. Bí ọbẹ̀ náà bá lómi, yóò rọra ti àwo padà, yóò ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Irọ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù mi fara kan tirẹ̀ ní àdúgbò Kalley, ní Niamey níbí, mo sì mọ̀ pé láti àárọ̀ kò fi nǹkan kan kan ẹnu ju búrẹ́dì gbígbẹ lọ.

Àwo ni mo ń tà, àwo àti ìkòkò àti kúlà. Òun ń ta àńkárá àti léèsì, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Niamey ni wọ́n bí i sí. Ó ń sọ Zarma, èdè àwọn onílẹ̀ níbí, bí ẹni tó mu ún lọ́mú, ó ń fi Haúsá ná ọjà, Faransé ló sì fi ń bá àwọn agbowó-orí jà. Kò sí ohun tí àwọn ará ìlú yìí ń ṣe tí kì í bá wọn ṣe, àfi jíjẹ. Inú àwo kan náà sì ni wọ́n ti ń jẹun níbí. Ẹni tí kò bá bá wọn tọwọ́ bọ àwo, ojú àjèjì ni wọ́n á máa fi wò ó títí ayé. Wọ́n á pè é síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á gbé tùwó àti ọbẹ̀ ilá kalẹ̀, àwọn Haúsá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pariwo pé kó jẹun, "Haba, Àlàmínì, ci mana!" Òun á di ikùn mú, á ní ọgbẹ́ inú ló ń ṣe òun. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ inú yẹn títí ó fi sú mi. Ọgbẹ́ wo ló ń sá fún ilá, tí kì í sá fún kìlíṣí tó ta bí iná?

Nínú ààwẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí gbogbo ilé bá ń se ẹ̀kọ jéró fún ìṣínu, tí ẹ̀kọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó lórí iná, Àlàmínì ti mú kẹ́tùrù rẹ̀, ó ti gba mọ́ṣáláṣí lọ. Dàbínù ló fi ń ṣínu níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín pé èèyàn Ọlọ́run ni, pé òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Èmi á fi ìborùn bo ẹnu mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ ló ń sá fún.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí n kò rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà Zarma kan tó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ gbé dóónù wá fún un. Dóónù ni wọ́n ń pe fùrá níbí, jéró tí wọ́n pò mọ́ wàrà, igbá kan náà ni gbogbo èèyàn sì ti ń mu ún. Bí wọ́n bá gbé e fún ọ tí o kọ̀ ọ́, o ti bú ẹni tó gbé e wá. Àlàmínì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó gbé e dé ètè. Mo rí i tí gògóńgò rẹ̀ ń lọ sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì mu ẹ̀kán kan. Lẹ́yìn náà ó gbé igbá kalẹ̀, ó sáré jáde, ó sì bì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bàbá náà gbé igbá rẹ̀, ó ní, "Fofo," ìyẹn ni pé ó dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò padà wá mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà tó fọ ẹnu tán, Àlàmínì wá jókòó sórí àpótí níwájú ọjà mi. Ó wá bi mí pé, "Ìyá Abíọ́lá, ta ló ń wúkọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yín?"

Mo ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, ìkòkò nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ọmọdé ni," ó ní. "Ikọ́ ọmọdé ni. Ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

Orí mi wú. Mo mọ ọmọ tó ń sọ, mo sì mọ ikọ́ náà, nítorí mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ náà wú u.

Nígbà náà, inú àgbàlá kan náà ni gbogbo wa ń gbé ní Kalley yìí. Ìyàwó kékeré ni mí, ìyá Àlàmínì sì jù mí lọ dáadáa. Màmá ni mo ń pè wọ́n títí di òní. Wọ́n bí Àlàmínì, lẹ́yìn náà wọ́n bí obìnrin kan, Àbẹ̀ẹ́bí. Àbẹ̀ẹ́bí ti ń rìn tagétagé, ó ti ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìdajì, ṣùgbọ́n kì í jẹun. Bí ó bá rí ẹ̀kọ, á pa ẹnu dé. Màmá sì ṣe ohun tí ìyá tiwa náà ṣe fún wa. Wọ́n ń rọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìkà. Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nílẹ̀ wa nìyẹn. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n á máa da ẹ̀kọ sínú ọwọ́ náà. Ọmọ á ké, á ta ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fẹ́ mí, á gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ èmi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ ẹni tó bí mi. Àlàmínì, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ni wọ́n máa ń pè kó wá di ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ mú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ooru ń mú, ẹ̀kọ pá Àbẹ̀ẹ́bí lórí. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́, ikọ́ kékeré kan tí kò lágbára. Màmá gbé e dìde, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lójú, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n kì í. Ọmọ ti lọ.

Kí Bàbá Àlàmínì tó ti ọjà dé, Màmá fa ọwọ́ mi wọ yàrá, wọ́n gbé e lé Àlùkùránì. "Mọ́rìlíátù, ibà ló pa á. Ṣé o gbọ́ mi? Ibà ni." Mo ní mo gbọ́. Ohun tí gbogbo Kalley gbọ́ nìyẹn. Ohun tí bàbá ọmọ náà gbé lọ sí sàréè nìyẹn nígbà tí ọjọ́ tirẹ̀ náà pé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo sì di ẹnu mi mú.

Àlàmínì náà di tirẹ̀ mú. Ọmọdé ní ojú. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ibà. Lójú tirẹ̀, ọwọ́ ìyá òun ló pa àbúrò òun, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún bàbá rẹ̀ pàápàá. Ó kàn pa ẹnu dé sí ẹ̀kọ ni. Kò pẹ́ tó fi pa á dé sí wàrà. Nígbà tó ṣe, gbogbo ohun tó bá ń ṣàn, gbogbo ohun tó bá ń fà, gbogbo ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn bá jọ bọ̀ nínú àwo, kò jẹ ẹ́ mọ́. Màmá kò bá a jà rí. Ìyá tó ń rọ ọmọ tẹ́lẹ̀ kò tún fi ọwọ́ kan ẹnu ọmọ kankan mọ́. Dùndú ni ó bá fẹ́, wọ́n á din dùndú. Ẹran sísun ni, wọ́n á lọ rà á. Àwọn obìnrin àgbàlá ń sọ pé wọ́n ń kẹ́ ọmọ náà bàjẹ́, wọ́n ń sọ pé ọmọ tó ń yan oúnjẹ jẹ kò ní lè gbé ilé onílé. Ó ń wù mí láti fún wọn lésì. Ibi tí ìyá àti ọmọ ti ń bo ara wọn láṣìírí, kí ni mo fẹ́ sọ?

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dàgbà, ó gbé Màríámọ̀ níyàwó, ó kọ́ ilé sí Koira Kano, ó sì mú ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀. Màríámọ̀, ọmọ wa tí wọ́n bí síbí ni òun náà, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó, ó máa ń wá sunkún fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá Abíọ́lá, c'est comment, irú èwo nìyí? Mo se sauce, ọkọ mi wo inú ẹ̀, ó ní merci." Ó dúpẹ́ ni, kò jẹ. Ẹ̀rín pa mí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo ní kó máa yan nǹkan, kó máa sun nǹkan, kó má bi í ní ìdí. Ó gbọ́ ìmọ̀ràn mi, ilé wọn sì tòrò.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti dúró títí ni Ọlọ́run fún wọn ní Ìlhàm. Ìgbà tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú ni wàhálà dé.

Ẹní bíni là á jọ. Ìlhàm kò jẹun. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ náà ti mú un. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò. Bí wọ́n bá ti gbé ẹ̀kọ wọlé, ojú Àlàmínì á le, á dìde, á wá ohun kan wí, á jáde. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń sá fún abọ́, ṣé òun á sún mọ́ ọn? Búrẹ́dì díẹ̀ báyìí ni Ìlhàm ń fi sẹ́nu. Apá rẹ̀ tín-ín-rín, orí rẹ̀ ń tóbi ju ọrùn lọ. Ohun mìíràn tún wà tí mo rí, tí Màríámọ̀ kò rí. Àlàmínì kì í fi Ìlhàm sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá nígbà oúnjẹ. Bí Màmá bá na ọwọ́ sí ọmọ, tí abọ́ sì wà nítòsí, á sáré gbé e. Á ní kí Màmá sinmi. Màmá á ní ó dáa, wọ́n á ká ọwọ́ wọn sórí itan.

Ní ọjọ́ kan Màríámọ̀ wọlé tọ̀ mí wá, ojú rẹ̀ wú. Ilé ìwòsàn ọmọdé ló ti ń bọ̀. Níbẹ̀, okùn pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi ń wọn apá àwọn ọmọ: bí apá bá kún, àwọ̀ ewé ni yóò fi hàn, bí ó bá ń rù, yóò fi ìyeyè hàn, pupa sì ni èyí tí gbogbo ìyá ń bẹ̀rù.

"Jaune, ìyeyè ni, Ìyá Abíọ́lá," ó ní. "Wọ́n ní tó bá fi di rouge, tó bá pupa, hôpital ni. Wọ́n á fi tuyau, rọ́bà yẹn, sí i nímú. Ọmọ mi máa kú ni?"

Mo ní kò ní kú. Mo ní kó jókòó.

Kò jókòó. Ó ní, "Ma grand-mère, ìyá àgbà mi, máa ń sọ pé tí ọmọ kò bá jẹ, àwọn àgbà Yorùbá mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́. Ṣé Màmá lè rọ Ìlhàm?"

Àwo tó wà lọ́wọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. "Màríámọ̀, má jẹ́ kí ọkọ rẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ."

"Pourquoi? Kí ló dé?"

"Mo ní má sọ ọ́!"

Mo jágbe mọ́ ọn, kò sì yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Lóòótọ́ kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló lọ sọ ọ́ fún.

Màmá ní àwọn kì í rọ ọmọ mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí Màríámọ̀ máa se ẹ̀kọ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó sì máa gbé e síwájú àwọn nígbà tí Àlàmínì bá wà ní ọjà, kó sì fi àwọn sílẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Màríámọ̀ pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń fò fún ayọ̀. "Ẹ wá wò ó! Ìlhàm ti ń mu ẹ̀kọ!" Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo wọ táksí lọ sí Koira Kano.

Màmá jókòó lórí àpótí lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ìlhàm dúró níwájú wọn lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò sí ẹni tó dì í mú. Màmá da ẹ̀kọ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ara wọn, wọ́n fà á mu, wọ́n sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀. Wọ́n tún da òmíràn. Ìlhàm sún mọ́ wọn. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ìyá bàbá rẹ̀. Ó wá tẹ orí ba fúnra rẹ̀, ó fi ẹnu sí àtẹ́lẹwọ́ náà, ó sì ń fà á. Omijé bọ́ lójú mi. Mo mọ ohun tó ná Màmá láti tún ká ọwọ́ yẹn síwájú ọmọ.

Ibi tó ti ń mu ún lọ́wọ́ ni géètì ti ṣí. Àlàmínì wá wẹ̀ kó tó lọ kírun Jímọ̀ ni. Ẹ̀yìn ni ọmọ kọ sí i, ohun tó sì rí ni ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ká sí ẹnu ọmọ rẹ̀. Kò rí nǹkan mìíràn. Ó ké. N kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin rí. Ìlhàm ta gìrì, ẹ̀kọ sì pá a lórí.

Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ojú rẹ̀ ń dúdú bọ̀. Àlàmínì dúró sójú kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Màmá ni wọ́n gbé ọmọ náà, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí itan wọn, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, wọ́n ń sọ pé, "Jáde, jáde, jáde." Ẹ̀kọ náà jáde. Ìlhàm fi igbe ta. Láyé mi, n kò tíì gbọ́ ẹkún tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ Àlàmínì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà. Ó dé iwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ tún fẹ́ pa èyí náà! Bí ẹ ṣe pa Àbẹ̀ẹ́bí! Ẹ ní ibà ni. Mo wà níbẹ̀, Màmá! Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú!"

Màríámọ̀, tí kò gbọ́ orúkọ Àbẹ̀ẹ́bí rí, gbé ọwọ́ lé orí. Èmi ti la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Màmá wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì pa ẹnu dé.

Wọ́n gbé ọmọ fún Màríámọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n sì kúnlẹ̀ sórí yanrìn fún ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn. "Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ló pa á. Dárí jì mí."

Nílé ibo ni wọ́n ti ń rí irú rẹ̀? Àlàmínì ṣubú lulẹ̀. Ó di ìyá rẹ̀ mú, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Èmi ni mo dì í mú, Màmá. Èmi ni mo dì í mú fún yín."

"Èmi ni mo ní kí o dì í mú. Ọmọdé ni ọ́. Kò sí lọ́rùn rẹ."

"Mo ti dárí jì yín," ó ní. "Màmá, mo ti dárí jì yín." Mo rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, bí èjìká ẹni tó sọ ẹrù. Gbogbo ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní àárọ̀ tí Àbẹ̀ẹ́bí kú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi ni mo ti ń fọ ìkòkò, gbogbo rẹ̀ ṣojú mi. Ọmọ náà ń ké lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àlàmínì fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun lọ, kì í lè wo ẹkún rẹ̀. Bó ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ewúrẹ́ onílé wa. Ó mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí onílé ti jáde rí wá wo ewúrẹ́ tó já okùn. Ó yọ ahọ́n, ó ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Àbẹ̀ẹ́bí dákẹ́ ẹkún. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ẹ̀kọ lẹ́nu. Ẹ̀rín yẹn ló gbé ẹ̀kọ gba ibi tí kò yẹ. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ dúró déédéé bí ó ṣe ń dúró lójoojúmọ́.

Àlàmínì kò rántí ewúrẹ́. Ó rántí ọwọ́, ó rántí ẹsẹ̀ tó ń ta nínú ọwọ́ rẹ̀, ó rántí ikọ́. Bóyá Ọlọ́run ló gba ìyókù lọ́kàn rẹ̀, n kò mọ̀. Màmá rántí. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe pa irọ́ ibà, kí ẹnikẹ́ni má baà bi ọmọ náà léèrè, kí ó má baà wá ìdáhùn kan tí yóò gbé e pa. Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn náà, igbe Àlàmínì ló tún dẹ́rù ba Ìlhàm. Ìyá tó bá fẹ́ gba ara rẹ̀ là, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ láti sọ. Màmá kúnlẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí n kò fi pe orúkọ ọkùnrin náà gan-an fún yín; Àlàmínì kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Àlàmínì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ẹ̀kọ ló kọ́kọ́ tọ́ wò, pẹ̀lú Ìlhàm lórí itan, ṣíbí kan fún ọmọ, ṣíbí kan fún bàbá, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń gbé e mì. Láìpẹ́, okùn ilé ìwòsàn fi àwọ̀ ewé hàn ní apá ọmọ. Mo rí Àlàmínì níbi ìsọmọlórúkọ kan tó ń bá wọn tọwọ́ bọ àwo, tí ilá ń fà láti àwo dé àyà agbádá rẹ̀, tí kò sì wò ó. Ó sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù pé gbogbo ibi ti dákẹ́, òun kò gbọ́ ikọ́ mọ́. Ó ní, "Ìyá Abíọ́lá, n kò mọ̀ pé kéèyàn mọ ẹni tó ṣe nǹkan, kó sì dárí jì í, lè mú oúnjẹ dùn báyìí." Mo ní Àlhàmdù lílláhì.

Màmá ló ń rù. Wọ́n ní oúnjẹ kò lọ́fun àwọn. Màríámọ̀ ní ogbó ni. Ní ọjọ́ kan wọ́n wá kí mi nílé tí mo ń gbé báyìí ní Gamkalley, a jókòó síta, a ń wo àwọn tó ń bu omi rin ẹ̀fọ́ létí odò. Mo bu ìrẹsì fún wọn. Wọn kò fọwọ́ kàn án.

Inú bí mi. Mo ní, "Màmá, ó ti tó. Ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un."

"Kí o sọ kí ni?"

"Pé kì í ṣe ẹ̀yin."

Wọ́n rọra mi orí. "Mọ́rìlíátù, mo rò pé ó ti gbàgbé. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé ọmọ mi kàn ń yan oúnjẹ jẹ ni. Mi ò mọ̀ pé ó ń febi pa ara ẹ̀ torí kó má baà tú mi fó. Èmi rèé, ó lè dárí jì mí. Bó bá gbọ́ pé kì í ṣe èmi, ọrùn ara ẹ̀ ni ẹ̀bi á kù sí. Kò ní dárí ji ara ẹ̀ láéláé. Ta ló jẹun nílé yẹn láàárọ̀ yìí?"

"Àlàmínì àti Ìlhàm."

"Ṣé o rí i."

Fóònù mi dún. Àlàmínì ni. Ó ní ṣé Màmá ti dé, ṣé wọ́n ti jẹun. Mo wo ìrẹsì náà tí eṣinṣin ti ń bà lé. Mo ní wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Ìyá Abíọ́lá. Màríámọ̀ ní wọn kì í jẹun dáadáa mọ́, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn wọ́n. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má rò ó mọ́. Mo ti dárí jì wọ́n tọkàntọkàn."

Màmá ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba fóònù náà, wọ́n gbé e sétí.

"O ṣeun, ọmọ mi," wọ́n ní. "Ọlọ́run á dárí ji ìwọ náà."

"Àmín, Màmá," ni Àlàmínì wí.